Ọwọ́ Tí Wọ́n Gbé Lé Mi Láyà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Treichville níbí. Mo kí Bàbá mi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹ ti fà mí lé Bàbá Alájì, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, lọ́wọ́ kó mú mi wá sí ilẹ̀ elédè Faransé yìí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wa, nítorí náà bí àmì bá sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ bá mi fi sí i. Ẹ kà á fún gbogbo ilé. Gbangba ni wọ́n ti pè mí lólè.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ níbí, omi ti gba ojú títì, oníbàárà kò wá. Àsìkò yẹn ni ìdì aṣọ gínnì mẹ́rin sọnù nínú ìsọ̀ Bàbá Alájì. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: èmi, Rámọ́nì tí ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, àti ọmọ Júlà kan, ará ibí. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Bàbá Alájì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Ìgbòho. Bàbá yìí máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ènìyàn láyà, á sì bi í bóyá òun ló jí nǹkan. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì ni olè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ṣe ń mú wọn nílé.

Ti ọmọ Júlà ń lọ jẹ́jẹ́. Ti Rámọ́nì, ó ní ó dákẹ́ bí ọmọ tó ń sùn. Ó wá kàn mí.

Màámi, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ara mi ni àyà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, mo rò pé mo ti kú, ó sì bú, ó ń gbá mi ní egúngún ìhà láti inú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń fẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù mi ń mì. Bàbá Ìgbòho yọ ọwọ́ bíi pé iná jó o, ó ní kí wọ́n wá wo ọ̀daràn.

Wáyà iná ni Bàbá Alájì mú. Ó nà mí lẹ́yìn, ó nà mí lójú. Rámọ́nì di ọwọ́ mi mú sẹ́yìn, ó ń pariwo sí mi létí pé mon frère, arákùnrin mi, kí n jẹ́wọ́ kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀. Mo gé e jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Alájì pè yín lórí fóònù, tó sì tú ohùn yín síta kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Ẹ ní láti kékeré ni, pé bí mo bá jí ẹran nínú ìkòkò tí ẹ sì pọ̀n mí, ẹ máa ń gbọ́ àyà mi tó ń lù lẹ́yìn yín, pé àyà mi kì í purọ́. Òótọ́ ni, mo jí ẹran. Ṣùgbọ́n ó máa ń lù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò jí i pẹ̀lú. Wáyà kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, mo ṣubú, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ọmọ Júlà ló gbé mi sínú tasí. Dókítà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, lẹ okùn mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ sì ya ìlà sórí bébà. Ó ní ọ̀nà kan lé nínú ọkàn mi, tí wọ́n bí mọ́ mi. Ibẹ̀ ló ń gbà sáré, kì í ṣe ẹ̀bi, kì í ṣe olè. Ó bi mí ta ló nà mí. Mo ní mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní àtẹ̀gùn náà mà ní wáyà lọ́wọ́.

Mò ń lo oògùn láràárọ̀ báyìí, mo ti fi obì àti kọfí sílẹ̀. Mo padà sí ìsọ̀ torí mi ò ní ibòmíràn. Voleur, olè, ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi jẹ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn níbí, nínú abọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n rí gínnì náà ní ọjà Adjamé, lọ́wọ́ ẹni tí Rámọ́nì tà á fún. Rámọ́nì, tí àyà rẹ̀ dákẹ́! Wọ́n so ó mọ́ òpó lẹ́yìn ìsọ̀, ní ọ̀sán gangan, nínú òjò. Bàbá Alájì na wáyà kan náà sí mi, ó ní èmi ló tọ́ kí n kọ́kọ́ nà án. Òun kọ́ ló máa bẹ̀ mí. Wáyà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Mo gbà á, Màámi. Mo nà án lójú. Mo nà án lọ́rùn. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kẹta, ọkàn mi bú, mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n rò pé ìbínú ni, wọ́n ń pariwo pé kí n dìde kí n parí rẹ̀. Rámọ́nì nìkan ló mọ̀. Dókítà ti kọ́ mi pé bó bá dé, kí n ri ojú bọ omi tútù, Rámọ́nì sì ti rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Pẹ̀lú ẹnu tó ti wú, ó ń kígbe pé kí wọ́n gbé garawa wá, pé mo fẹ́ kú. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ń kígbe títí ọmọ Júlà fi gbé e dé. Mo ri ojú bọ̀ ọ́, ọkàn mi ta gbọ̀n, ó rọlẹ̀.

Nígbà tí mo yọ orí, wáyà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo lè sọ̀rọ̀. Mi ò sọ.

Rámọ́nì wà ní ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́. A ò mọ wáyà ta ló bà á. Èmi náà ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ nà án, àti pé ọmọ rẹ̀ ló tọrọ omi fún mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn, kó má jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn burúkú kan mọ́ láti ọ̀dọ̀ mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kékeré àti àgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùsílíù