Apá Òsì Tí Ẹ Kọ́ Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti yàrá wa ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí mò ń jókòó ti ìwé yìí láti ìgbà tí mo ti kírun àsùbáà. Mo kọ ìlà kan, mo dìde lọ wo títì, mo tún padà wá jókòó. Kóòtù ni mò ń lọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ gba láísẹ́ńsì mi.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yí padà lẹ́yìn ikú yín. Owó epo ti dé, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé, típà ò sì tó yanrìn-ín kó. Èmi náà ń wa ọ̀kan, láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba tún ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbá mi létí bí táyà mi bá ti fi apá òsì sílẹ̀! Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara mi tó mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Àgbo jẹ̀dí ni. Ẹ rántí tiyín, tí Màámi máa ń rẹ sínú omídùn ògì. Ẹ ó di imú, ẹ ó gbé e mì, ẹ ó wá máa fajú ro mọ́ àwa ọmọ bí ẹni pé àwa la pò ó. Egbò igi kan náà ni ìyá alágbo tó wà ní gáréèjì Òṣòdì ń lò, ṣùgbọ́n inú ògógóró ló ń rẹ tirẹ̀ sí. Gbogbo àwa dírẹ́bà la ń mu ún ká tó gbéra. A kì í pè é ní ọtí. Àgbo là ń pè é, orúkọ yẹn sì tù wá lára. Ife kan ni mo máa ń mu. Lọ́jọ́ yẹn mo mu mẹ́ta, mi ò sì tíì jẹun.

Ọ̀sán gangan ni mo kó yanrìn jáde. Bàbá mi, apá òsì ni mo gbà. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí ẹ ṣì ń jókòó tì mí. Inú mi tiẹ̀ ń dùn. Àfìgbà tí ọkùnrin kan ju ara rẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú gọ́tà níwájú mi ni mo tó tẹ bíréèkì. Orúnkún rẹ̀ bó, kò kú. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀. Ọlọ́pàá sáré dé: “Dírẹ́bà, apá ibo lò ń gbà yìí?” Mo lanu láti fèsì, òórùn ẹnu mi ló ṣáájú.

Lọ́yà tí ọ̀gá mi bá mi wá ní ọ̀nà kan wà tí láísẹ́ńsì náà ò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n sọ pé oògùn ni mo mu, kí Màámi sì fi Kùránì búra pé n kì í mutí. Màámi ò jẹ́ kí wọ́n bẹ òun rárá kó tó gbà. “Ọmọ mi ò fẹnu kan ọtí rí!” ló ń sọ káàkiri ilé. Ó dá a lójú pé omídùn ni, bíi tiyín. Èmi ni mo sì jẹ́ kó dá a lójú.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá gba ìwé kékeré yẹn, kí ni n ó fi bọ́ Màámi? Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ ó dárí jì mí? Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ojú sì ń tì mí.

Màámi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan sí i níta báyìí, kí ọwọ́ tó fẹ́ gbé lé Kùránì lè mọ́. Ó ń fọ ọ́ dé ìgúnpá, ó rọra ń fọ ìka kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè jẹ́ kó gbé ọwọ́ yẹn lé e. Mò ń jáde lọ bá a, kí n sọ fún un pé ọtí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti Màámi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àyà rẹ̀ ń já.