Omi Àkọ́kọ́

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta

Oṣù karùn-ún rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀rọ omi tó wà lójú títì ò dà mọ́. Téèyàn bá ṣí i, afẹ́fẹ́ ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀, á ṣe fíì, á dákẹ́. Wọ́n ti ilé-ìwé pa lánàá. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn ò lè kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ jọ síbi tí kò sí omi tí wọ́n máa fi ṣanwọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi tíṣà, mo di aṣọ́lé.

Èmi àti Ọ̀gá Pátápátá nìkan la wà nínú ilé oníyàrá mẹ́rin yìí. Ìyá ọkọ mi ni. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè wọ́n nínú ìwé nìyẹn, wọn ò sì ní mọ̀, torí wọn ò mọ̀wé kà. Baálé mi ń wa tírélà — ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́ta nílé. "Dúró ti Màámi o." Ohun tó sọ kó tó ṣáná sọ́kọ̀ nìyẹn. Mo dúró. Ibo ni mo fẹ́ lọ?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ikùn ti parí! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ni, ní ẹ̀yìnkùlé, àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ bíríkìlà ló kọ́ ọ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí orí ẹ̀ fi wọlé, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yí ká, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rẹ́ ẹ, ó wá da kọnkéré bò ó. Ẹnu kan péré ló ní, kò ju èjìká èèyàn lọ. Tí òjò bá rọ̀, omi á ti orí páànù wọ páìpù, á ti páìpù bọ́ sínú Ikùn, á wà níbẹ̀ dè wá di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Irin kan wà lára páìpù tá a ń fọwọ́ yí: sósì, omi á dà nù síta, sọ́tùn-ún, á wọlé.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó. Wọ́n ní tí eléyìí bá yege, àbúrò mi làwọn máa gbé ti ilé-ìwé fún — mẹ́ta, ńláńlá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa gbà lórúkọ ara ẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń bá ọlọ́gàá da sìmẹ́ńtì. Kò tiẹ̀ lè jókòó jẹun, ó sáré wọkọ̀ padà síbi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́nà jíjìn.

Mi ò fẹ́ yọ̀ jù. Mo yọ̀.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá Pátápátá ra àgádágodo sí ìdérí Ikùn, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ etí ìró. Kò tíì sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n tì mọ́lé. Èmi pẹ̀lú ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ bíríkìlà mi. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Egbon mi, ti ojo ba bere, e ma je ki omi akoko wo inu tanki o. Netiwoki o da nibi."

Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní A, B, D. Ojú tì mí fún gbogbo àwọn tíṣà ayé.

Ọ̀gá ní kí ló wí. Mo kà á sí wọn létí: "Ẹ máa jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ wọ inú táǹkì." Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ṣé ìyẹn náà lèèyàn ń kọ ránṣẹ́, ta ló máa rí omi lẹ́yìn oṣù márùn-ún tó máa ní kó kọjá lọ? A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

ÒJÒ! Ní agogo méjì ọ̀sán. Mo sáré jáde, mo yí irin sọ́tùn-ún, mo dúró tì í bíi sójà. Òjò lù mí, mi ò kọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń já wọnú Ikùn — wòòò. Ọ̀gá jó láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin: omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá ẹni.

Mo wo àwọ̀ omi tó kọ́kọ́ dà. Ó pọ́n bíi tíì. Mo ní á tòrò.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ní ká se omi ká tó mu ún. Yéè! Ọ̀gá wò mí tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, omi tí Ọlọ́run fọwọ́ ara ẹ̀ dà sílẹ̀, òun lo fẹ́ gbé kaná? Kí ló ṣe é?" Wọ́n mu ife méjì lójú mi, wọ́n gbé ife sílẹ̀ gbà! Kò burú. Èmi ń se tèmi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Inú ń run Ọ̀gá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọjọ́ burúkú. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń bì, tí wọ́n ń ya ìgbẹ́, tí wọn ò lè dìde mọ́. Mo gbé wọn pọ̀n wọ yàrá. Obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé, wọ́n fúyẹ́ bí aṣọ tó gbẹ. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì. Ó fa omi sí wọn lára, ó wá ní kí n bu omi táǹkì wá. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fi ojú kan wò mí. Ó ní: "Omi yín ni."

Baálé mi pè. Mo sọ fún un. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo? Ó ní àbúrò mi gbẹ́ táǹkì sún mọ́ ṣaláńgá, ó ní sìmẹ́ńtì ẹ̀ ti sán, ìdọ̀tí ń jò wọlé. Ó ní ta ló ní kí n mú ẹbí mi wá sínú iṣẹ́ ilé òun. "Àbúrò ẹ fẹ́ẹ́ pa ìyá mi!" Mo rò ó lọ́kàn: Ó lè jẹ́ òótọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé ti gbọ́. Wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn máa bá bíríkìlà mìíràn sọ ọ́, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tọwọ́ bọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọ̀gá jókòó lónìí. Ọpẹ́ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ọmọ tó gbé ìyá pọ̀n ò ní fẹsẹ̀ kọ. Mo sunkún díẹ̀ nínú kíṣíìnì.

Mo wá jókòó máàkì ìdánwò tí àwọn ọmọ ṣe kí wọ́n tó ti ilé-ìwé. Ìbéèrè kẹrin, èmi ni mo gbé e kalẹ̀: Fi àmì ohùn sí gbólóhùn yìí — "E ma sun." Àwọn kan kọ "Ẹ má sùn." Àwọn kan kọ "Ẹ máa sùn." Ọmọ kan wá kọ méjèèjì, ó kọ sábẹ́ ẹ̀: "Mà, ẹ ò sọ èyí tí ẹ fẹ́."

Mo gbé báírò pupa láti fa ìlà sí i. Ọwọ́ mi dúró.

Mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ kejìlá.

E ma je ki omi akoko wo inu tanki.

Ẹ MÁ jẹ́.

Olúwa mi ò. Oṣù márùn-ún eruku. Ìgbẹ́ ẹyẹlé, tí wọ́n sùn sórí páànù yẹn bíi pé àwọn ló kọ́lé. Alángbá tó kú sínú gọ́tà. Omi àkọ́kọ́, òun ló ń fọ òrùlé. Ó ní ká yí irin sósì, ká da ìyẹn nù, kí èyí tó mọ́ tó wọlé. Èmi ni mo dúró tì í bíi sójà tí mo ń darí ìdọ̀tí wọlé.

Táǹkì ò ṣe nǹkan kan. Àbúrò mi ò ṣe nǹkan kan.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ lórí fóònù. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é.

Irọ́. Mo mọ̀ ọ́n.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Àbúrò mi dé, tòun ti eruku iṣẹ́ lára. Kò kí mi tán tó fi wọ yàrá lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú, òun ò mọ ibi tí òun ti ṣì í. Ọ̀gá kọjú sí ògiri. Wọ́n ní: "Bíríkìlà, o nawọ́ ẹ sí ẹ̀mí mi." Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ife omi sísè dání.

Nígbà tá a jáde, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ da omi àkọ́kọ́ nù? Ó jọ pé mo kọ ọ́ ránṣẹ́ — àbí mo kàn rò ó lọ́kàn ni?" Fóònù ẹ̀ ti bọ́ sínú kọnkéré níbi iṣẹ́. Kò ní ohun tó máa wò.

Mo ní: "Mi ò rántí."

Mi ò rántí kẹ̀! Èmi tí mo rántí ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ kíláàsì mi.

Ó mi orí. Ó ní a jẹ́ pé òun lòun jẹ̀bi, òun ò sọ, tàbí ilẹ̀ táǹkì ló sán lóòótọ́. Ó ní òun máa fa omi ẹ̀ gbẹ, òun á fọ́ ilẹ̀ ẹ̀, òun á tún un ṣe lófẹ̀ẹ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fún ìyá ọkọ mi ní májèlé, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Baálé mi ò ní gbọ́ "mo ṣì í kà." Tíṣà Yorùbá! Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n ti ba ọmọ ìyá mi lórúkọ jẹ́ títí ayé. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nílé yìí, mi ò rí ọ̀kan gbà jáde. Ọ̀gá ní kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní eyín ń dùn mí.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àbúrò mi fa omi gbẹ láàárọ̀, ó gbé àkàbà sọ̀kalẹ̀, ó mú òòlù àti irin dání. Mo wà ní kíṣíìnì. Mo gbọ́ ọ: gbì. Gbì. Lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń dún.

Ilẹ̀ tó le koko ló ń fọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀.

Mo sáré dé ẹnu Ikùn, mo dojú bolẹ̀, mo kígbe: "Má fọ́ ọ!" Inú ihò yẹn gba ohùn mi, ó fà á gùn, máa-a-a. Ó dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi!" Gbì. Ó tẹ̀síwájú.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ẹ́ pa mí. Mo ká ìró mi sókè, mo sọ̀kalẹ̀. Ẹnu ẹ̀ fún èjìká mi. Òkùnkùn, òórùn sìmẹ́ńtì tútù. Ó ti fọ́ ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sán o. Ó gbẹ, ó le. Mi ò mọ ibi tó ń gbà wọlé."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Má àti máa, irin tí mo yí sọ́tùn-ún, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo pa rẹ́. Kò sí ibi tí mo lè yíjú sí, ògiri yí wa ká. 

Ohun kan ló bi mí: "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo ní láti Ọjọ́bọ̀.

Ó fi ìka kà á. Ẹtì. Àbámẹ́ta. "Ẹ sì ń wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí."

Ó gun àkàbà jáde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Òòlù ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè gòkè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Lọ́la ni ọ̀gá ilé-ìwé máa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú bíríkìlà mìíràn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láàárọ̀, nọ́ńbà tuntun:

"Egbon mi. Mo ti ro o titi. E ma so fun won."

Mo pè é. Ó ti pa fóònù. Mo tún pè. Ó ti pa á.

Ẹ má sọ fún wọn — ó ṣàánú mi, ó fẹ́ gbé e rù fún mi. Ẹ máa sọ fún wọn — inú ń bí i, ó sì tọ́ sí i. Mo kà á lọ, mo kà á bọ̀, mo rìn yí pálọ̀ ká. Ohùn wo ló wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́? Ọmọ tí mo gbé pọ̀n, ó yẹ kí n mọ̀. Mi ò mọ̀.

Mo lè kà á bó ṣe wù mí. Bí mo ṣe ka ti àkọ́kọ́ náà nìyẹn: òùngbẹ ń gbẹ wá, mo ka èyí tó wù wá.

Mo mú báírò pupa. Mo dà á kọ, mo fi àmì sí i: Ẹ máa sọ fún wọn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló fẹ́, kó bá mi jà.

Mo gbé ìwé yìí lọ bá Ọ̀gá ní yàrá wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́, ibí nìkan ló kù sí. Mo ní: "Mà, mo fẹ́ ka nǹkan kan fún yín. Ti ọjọ́ kejìlá." Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á: "Ẹ má jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ wọ inú táǹkì."

Wọ́n ní: "Èyí tó o kà fún mi lọ́jọ́sí kọ́ nìyẹn."

"Òun kọ́, mà."

"Èwo ló kọ?"

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí, mà. Èmi ni mo ṣì í kà. Mo ti mọ̀ kó tó wá kúnlẹ̀ fún yín."

Mo ń retí ariwo. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n di ẹrù mi. Wọ́n wo ìwé náà bí ẹni pé àwọn náà lè kà á, wọ́n fi ìka tẹ ojú ibi tí báírò pupa wà, ó yẹ kí n sọ fún wọn pé ti òní nìyẹn, òun kọ́ ni mo kà. Wọ́n ti fóònù wọn sọ́wọ́ mi.

"Pe ọkọ ẹ. Tó bá gbọ́ tán, pe ọ̀gá ilé-ìwé. Kà á fún wọn, kí n máa gbọ́. Tíṣà, bó ṣe kọ ọ́ o. Kì í ṣe bó ṣe wù ẹ́."

Mo tẹ nọ́ńbà baálé mi. Ó gbé e.