Àgbọn Tó Wà Láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́

Ajé, 5 Èbìbí
Ó tún ṣe bákan náà. Láàárọ̀, kí atẹ́gùn tó dé, íńtánẹ́ẹ̀tì ń sáré bó ṣe yẹ. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Gàníyù, tó ń bójú tó àwo rédíò tó ń ju íńtánẹ́ẹ̀tì sí wa láti Ìkàrẹ́, ní ọ̀dọ̀ òun ò ní wàhálà, kí n lọ wo tèmi. Tèmi nìyí lórí ilé Màmá, ibi tó ga jù ládùúgbò wa ní Ọ̀kà. Ibẹ̀ la ti fa wáyà lọ sí ilé ìwé. Mo gun òrùlé. Mo sọ̀kalẹ̀. Ó rẹ̀ mí.

Ìṣẹ́gun, 6
Pírínsípà Pius wá. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò orí kọ̀mpútà ń bọ̀ wá yẹ ilé ìwé wò lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Àkúrẹ́ ni gbogbo àwọn ọmọ máa lọ ṣe é. Kò bínú. Ó kàn ní mo mọ ọ̀nà yẹn.
Mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ni Bùrọ̀dá Bọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi, gbà lọ ṣe ìdánwò tiẹ̀. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já pàdé wọn lórí òkè. Òkú rẹ̀ la gbé wálé.

Ọjọ́rú, 7
Mo yí ṣánẹ́ẹ̀lì tí rédíò wa ń lò, bóyá ti ẹlòmíràn ló ń dí tiwa. Gàníyù ń yí àwo tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi náà ń yí tèmi, fóònù létí, títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó yá sí i. Atẹ́gùn dé — ó padà síbi tó wà.

Ọjọ́bọ̀, 8
Òjò. Ó burú ju tàná lọ.

Ẹtì, 9
Gàníyù bi mí pé kí ló wà níwájú àwo mi. Mo ní kò sí nǹkan, mo dúró lórí òrùlé, mo rí òkè Ìkàrẹ́ kedere. Ó ní, “Sístà, pé ojú rẹ rí i kọ́ ni pé rédíò rí i.” Ó ní rédíò ń fẹ́ àyè lókè nílẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni tó ru ìdì igi: ọ̀nà tó gba orí rẹ̀ lè má gba ẹrù rẹ̀. Ṣé ewé kankan ò sún mọ́ ọn?
Mo ní rárá.
Irọ́ ni mo pa. Igi àgbọn iwájú ilé wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá ti fẹ́, imọ̀ rẹ̀ ń jó níwájú àwo. Mo ti fura láti ọjọ́ Ajé.

Àbámẹ́ta, 10
Kí n kọ ọ́ síbí, torí n ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ́ Bùrọ̀dá Bọ̀dé wà lábẹ́ àgbọn yẹn. Bàbá ló gbìn ín lé e nígbà tí wọ́n bí i. Látìgbà tí Bùrọ̀dá ti kú, Bọ̀dé ni Màmá ń pe igi náà. Bó bá ń gbálẹ̀ ìdí rẹ̀ láàárọ̀, á kí i. Àgbọn kì í sì í ṣe ọsàn tí èèyàn ń gé ní ẹ̀ka. Bí o bá gé e lórí, o pa á nìyẹn.
Ta ni yóò bá ìyá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ó ti sin ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan.

Àìkú, 11
Ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sùn nígbà ìwàásù.

Ajé, 12
Mo fi páìpù gígùn gbé àwo sókè. Páìpù tẹ̀. Páànù òrùlé ya. Òjò wọ yàrá Màmá, ó gbé báàfù síbẹ̀, kò bá mi wí. Ì bá kúkú bá mi wí.
Ó ti sú mi.

Ìṣẹ́gun, 13
Màmá bi mí nídìí oúnjẹ pé kí ni mo ń wò níta. Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní kí n jẹun, pé ohun tí n ò lè sọ, òun ti ń rí i.

Ọjọ́rú, 14
Mo lọ sí Ìkàrẹ́ lọ wo àwo Gàníyù. Nígbà tí mo padà dé, ojú ọ̀run ti fẹ̀ jù níwájú ilé wa. Àgbọn wà nílẹ̀, Màmá jókòó lé e lórí. Badmus agégi ń di ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọ̀kadà, kò lè wo ojú mi. Ó ní òun kọ́kọ́ kọ̀, Màmá ló ní kí òun ṣe é.
Màmá ní Pírínsípà ti sọ ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ fún òun. Ó ní òun sì ń wo ojú mi: àwo, àgbọn, àwo, àgbọn. Ó ní, “Ọ̀nà yẹn ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Kó má gba tẹlòmíràn.”
Èmi ni mo sunkún. Òun kò sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 15
Atẹ́gùn fẹ́, òjò rọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ò mì. Gàníyù ń bi mí ohun tí mo ṣe.

Ẹtì, 16
Wọ́n wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà. Ọ̀kà níbí làwọn ọmọ máa ti ṣe é. Pírínsípà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Mo ní Màmá ni kó lọ kí.

Àbámẹ́ta, 17
Màmá jí mi láàárọ̀. Àgbọn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tó ti já bọ́ tipẹ́, tó hù lẹ́yìn ilé ìdáná láìsí ẹni tó kíyè sí i. Ó ti gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, ó ti bu erùpẹ̀ ìdí igi àtijọ́ sínú rẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo apá Ìkàrẹ́. Ó ní kí n wò ó dáadáa, ṣé Bọ̀dé ò ní dí wa lọ́nà níbẹ̀.
Mo ní kò ní dí wa lọ́nà. Mo bá a gbìn ín, a kó erùpẹ̀ dí ihò náà.