Mi Ò Kúnlẹ̀ fún Cortés

San Isidro Atlapa,
Ìpínlẹ̀ Tlaxcala,
Mẹ́síkò.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2019.

Nicéforo, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní olú-ìlú? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Ikọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ní kó o yéé jẹ tortilla inú ọ̀rá.

Wọn á ti sọ fún ọ pé mo da ijó ọdún San Isidro rú. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọkùnrin kan tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò kiri, Baltazar, ló wá bá Don Eleuterio, olórí ijó wa. Ó ní òun á máa kó àlejò wá lọ́dọọdún bí a bá lè yí Ijó Ìṣẹ́gun wa padà, èyí tí a fi ń ṣàfihàn bí àwọn ará Sípéènì ṣe gba ilẹ̀ yìí. Ó ní ká máa fa ọkàn màlúù yọ lábẹ́ aṣọ ẹnì kan, torí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ará àtijọ́ ń fi èèyàn rúbọ. Ó tún ní kí èmi tí mò ń jó balógun Tlaxcala kúnlẹ̀ fún Cortés, olórí ogun àwọn ará Sípéènì, torí pé òrìṣà ni àwọn baba wa kà á sí.

Mo ní irọ́ ni. Mi ò sọ pé wọn ò fi èèyàn rúbọ. Àwọn Aztec tó jẹ́ ọ̀tá wa ṣe é, àwọn baba tiwa náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun ọdún ni, àwọn tí wọ́n mú lójú ogun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe bí alápatà ṣe ń pa ẹran láràárọ̀. Ní ti Cortés, àwọn baba wa kọ́kọ́ bá a jagun kí wọ́n tó bá a mulẹ̀. Ta ló ń ta òrìṣà rẹ̀ lọ́fà? Àwọn Aztec ló sé ọ̀nà mọ́ wa tí a ò fi rí iyọ̀ jẹ, la ṣe tẹ̀ lé Cortés lọ bá wọn jà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀nba ará Sípéènì yẹn ò lè dá ìlú ńlá àwọn Aztec ṣẹ́gun láéláé.

Don Eleuterio wò mí, wọ́n ní, "Crescencio, orí rẹ le ju ọlọ lọ. Bó ò bá kúnlẹ̀, wàá gbé ìbòjú bàbá rẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn." Ó dùn mí gan-an, o mọ̀ pé ìbòjú igi yẹn nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ ijó pé. Fidencio oníbúrẹ́dì, tó lẹ irùngbọ̀n pupa mọ́ àgbọ̀n tó ń jó Cortés, na ọwọ́ sí mi. Mo dúró gbagidi. Fèrè dákẹ́. Fidencio rọra sọ pé, "Kúnlẹ̀ jàre, irùngbọ̀n yìí ń yún mi!"

Mo ní, "Họ ọ́."

Ni Doña Aurelia bá pariwo láàárín èrò: "Fidencio, òrìṣà wo ló ń làágùn báyìí? Búrẹ́dì tó o tà fún mi lánàá gan-an, ó jóná!"

Gbogbo ojúde ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Fidencio náà rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n pupa náà fi já bọ́. Ni afunfèrè bá tún bẹ̀rẹ̀, a sì ja ogun wa bí a ṣe ń jà á tẹ́lẹ̀. Baltazar bínú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Don Eleuterio wá sílé wa. Mo ti di ìbòjú náà sínú aṣọ, mo fẹ́ gbé e fún wọn. Wọn ò gbà á. Irùngbọ̀n pupa yẹn ni wọ́n gbé lé e lórí. Wọ́n ní Fidencio ò jó Cortés mọ́. "Ìwọ tó o mọ̀ pé èèyàn lásán ni, ìwọ ni kó o máa jó o." Wọ́n wá bi mí pé ta ni yóò lo ìbòjú bàbá mi.

Orúkọ rẹ ni mo dá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì bá mi gbé ọmọ jó. Tètè wálé wá kọ́ ijó. Ṣùgbọ́n bó o bá fi lè kúnlẹ̀ fún mi lójú agbo, ìjà ni o.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yí padà,
Crescencio Xicale