Àwọ̀ Tí Ewé Ń Dá Padà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Màmá ní kí n kí yín kú iṣẹ́, kí n sì béèrè bóyá iná pupa àti iná búlúù tí ẹ fi ń tọ́jú ewébẹ̀ nínú ilé níbi iṣẹ́ yín kò tíì ba ojú yín jẹ́. Kò ní bà á jẹ́ o, àṣẹ. Ó ní ohun tí òun bá sọ nìkan ni kí n kọ, kí n má fi tèmi kún un, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ fi kún un báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sórí fóònù lọ́jọ́sí, èmi ni mo kà á fún un. Inú mi ò dùn lọ́jọ́ náà, n kò kà á parí, mo kàn sọ pé ẹ ní ewé fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Màmá bá tú àpótí yín, ó yọ gáùn aláwọ̀ ewé tí ẹ fi sílẹ̀, ó fi bo àwọn ata kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́yìn ilé. Láràárọ̀ ló ń lọ kí wọn, tó ń ní kí wọ́n jẹun yó. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ṣá bí ẹni tí àìsàn gbé dálẹ̀. Màmá ní àárò yín ló ń ṣe wọ́n, pé wọ́n ń gbọ́ òórùn yín lára aṣọ, wọn ò rí yín.

Ẹ̀gbọ́n, mo sunkún. Mo padà ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, mo sì jẹ́wọ́ fún un: pupa àti búlúù ni ewé ń gbé mì, àwọ̀ ewé ló ń dá padà, ohun tó dá padà yẹn lojú wa ń rí; aṣọ yín ni kò jẹ́ kí pupa àti búlúù dé ọ̀dọ̀ àwọn ata. Màmá ní irọ́ ni, ta ló ń lé ohun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dànù? Ó wá ní kí n ṣí fọ́tò yín. Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n bi yín, ṣé ẹ̀rín yẹn ni kò wọ inú yín lọ?

Mo ní èèyàn kì í ṣe ewé. Ṣùgbọ́n èmi náà ń rẹ́rìn-ín fún Màmá lójoojúmọ́. Ẹ má sọ fún un.

Ata mẹ́ta ló kù. Ó ní kí ẹ fi owó irúgbìn ránṣẹ́, àti fọ́tò kan tí ẹ ò ti rẹ́rìn-ín. Àdúrà yìí, ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu òun jáde: Ọmọ mi, ohun tó bá wọ inú rẹ yóò bá ọ lára mu. Èyí tí kò bá bá ọ lára mu, gbé e bọ̀ wálé.