Orúkọ Baba Oníyọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 1828
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko rèé tá a ti kúrò ní Plymouth. Ẹran inú àgbá ti ń rùn. Síbẹ̀, ohun tó ń rí mi lára jù nínú ọkọ̀ yìí, Gègé ni. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí gègé ìkọ̀wé kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Èrò ọkọ̀ ni, ọmọ olówó, ó ń lọ sí Sydney. Ó ní òun ń kó gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe atukọ̀ lásánlàsàn jọ sínú ìwé kan. Ó bá mi nídìí òpó ìgbòkun — "Jaki, kí ló dé tí wọ́n ń pè yín ní Ọlọ́dà?" Gbogbo wa ni Jaki lójú ẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Ọ̀dà tá a fi ń kun okùn ti wọ èékánná mi pátá. Ó yínmú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣìọ̀!

Láàárín ara wa, Ọlọ́dà dùn létí. Lẹ́nu tiẹ̀, èébú ni.

Ọjọ́bọ̀, 6
Hicks, atukọ̀ ẹgbẹ́ mi, alájẹkì, ka orúkọ méje fún un láàárọ̀ yìí: Ọlọ́dà, Oníyọ̀, Ẹlẹ́yìn Ahun... Gègé fún un ní tábà. Kò yà mí lẹ́nu. Àmọ́ Baba Oníyọ̀ náà! Baba tèmi! Wọ́n jókòó ti ọmọkùnrin yẹn títí ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn fi tutù. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bá a sọ. "Ó bi mí ní nǹkan kan ni, ọmọ mi. Mo dá a lóhùn." Ojú tì mí. Ọdún méje la ti jọ ń tukọ̀, wọn ò bí mi, àmọ́ àwọn ló kọ́ mi ní gígun òpó.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Òjò. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ikọ́ Baba jáde. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí n wá ọmọbìnrin àwọn lọ ní Falmouth, kó má máa retí àwọn lásán. Mo ní, "Ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, Baba, Ọlọ́run ò ní jẹ́." Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo ti ṣe é! Gègé ń ka ìwé ẹ̀ sókè nídìí oúnjẹ ọ̀gá ọkọ̀ lọ́sàn-án. Mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé. "Oníyọ̀: àgbà atukọ̀ tí òkun ti jẹ tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín kèékèé. Baba sì ń wúkọ́ nísàlẹ̀ wọn! Nígbà tó yá, Gègé gbàgbé ìwé náà sórí àga níta. Mo jù ú sókun. Ó léfòó díẹ̀, ó rì. Ara mi yá gágá.

Ọjọ́rú, 12
Gègé ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Baba kú láàárọ̀. A rán wọn mọ́ aṣọ ìgbòkun. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣí ìwé àdúrà, ó béèrè orúkọ. "Jọ́ọ̀nù Iyọ̀" ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Ta ni ò mọ̀ pé irọ́ ni? Ọkọ̀ ogun ọba ni Baba sá kúrò nígbà kan, wọ́n fi orúkọ wọn pa mọ́ látìgbà náà. "Ta ló mọ orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́?" À ń wo ara wa. Hicks tó mọ gbogbo orúkọ atukọ̀ láyé ń wo bàtà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méje! Orúkọ ta ni mo fẹ́ máa béèrè kiri Falmouth?

Gègé bá sọ̀rọ̀. "Baba sọ ọ́ fún mi. Mo bi wọ́n ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn rí. Orúkọ wọn, orúkọ ọmọ wọn, àdúgbò tó ń gbé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa sọnù."

"Ó dáa," ni ọ̀gá ọkọ̀ wí. "Kí ni orúkọ náà?"

"Mi ò há a sórí, sà. Inú ìwé yẹn ló wà."

A sin wọ́n ní Jọ́ọ̀nù Iyọ̀. Gègé di ọwọ́ mi mú, ó ní pẹ̀lẹ́, òun mọ̀ pé bàbá mi ni. Ó rò pé ẹkún ọ̀fọ̀ ni mò ń sun.