Má Fi Áyọ́ọ̀nù Kan Owó Bàbá Rẹ

Ìbídùnní,

O ṣì ń sùn, mo ń lọ sóko. Náírà tó wà lórí tábìlì ni kí o lọ̀ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Owó àtijọ́ tó wà láàárín Bíbélì bàbá rẹ, owó tí òyìnbó míṣọ́nnárì fún un, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Mo mọ̀ ọ́: bí o bá ti rí owó tó rún, ọwọ́ á máa yún ọ.

Sàhéèdì tó ń ra owó àtijọ́ ní Ìlọrin wá ní kùtùkùtù. Ó gbé owó náà síwájú fèrèsé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo ní, "Ṣé ayédèrú ni?" Ó ní, "Háà, Màmá! Báńkì ìlú kékeré kan l'Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́, láyé ìgbà tí báńkì kọ̀ọ̀kan ń tẹ owó tirẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀gá wọn fọwọ́ sí, yíǹkì gidi ni." Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá lọ̀ ọ́, iyì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Bàbá rẹ mọ ohun tó ń pa mọ́. Ìlú tí kò ju Ọ̀sì wa yìí lọ tẹ owó tirẹ̀, ẹnìkan sì jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i. Owó náà dára ní wíwò. 

Ohun tí Sàhéèdì fẹ́ san á tó fi páànù tuntun bo ilé. Bàbá rẹ gbà, àmọ́ ó ní owó náà kò ní kúrò nílé kí ìwọ tó rí i. Sàhéèdì lọ sí Kóro, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà bọ̀ wá mú un. Ṣí Bíbélì náà, wò ó tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o sì pa á dé.

Ìyá rẹ